ÀTỌ̀ TÍ A FI PAMỌ́ SÍNÚ ÒTÚTÙ: OHUN ÀFỌKÀNTÁN NI, KÌ Í ṢE ỌJÀ



 



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé orí ọ̀rọ̀ kan tí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ láàrin àwùjọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò gbọdọ̀ dí wa lọ́wọ́ láti mọ ẹ̀sìn wa. Àwọn obìnrin Ánsárì ní ìlú Mẹ̀dínà béèrè ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ jánábà lọ́wọ́ Ańábì (SAW) láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, Àíṣà ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo sì yìn wọ́n fún un.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń béèrè ní àdúgbò wa ní Bàrígà ni pé: ǹjẹ́ Mùsùlùmí lè jẹ́ kí wọ́n mú àtọ̀ òun dì bí yìnyín, kí wọ́n fi pamọ́ sí ilé ìwòsàn, kí òun sì fi bímọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan? Bí àtọ̀ náà bá kéré ńkọ́, tí kò tó ẹ̀kán omi kan?

Ìdáhùn wa ní kúkúrú nìyí. Ó lè jẹ́ ẹ̀tọ́ pẹ̀lú àwọn májẹ̀mú. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí àtọ̀ náà kéré tó, odidi ìran ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ohun àfọkàntán ni. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ọmọ jẹ́ ẹ̀bùn, wíwá ìwòsàn kò sì lòdì

Nínú Súrà Ṣúrà (42), àyà 49 àti 50, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé Òun ni Ó ń pín ọmọ. Ó ń fún àwọn kan ní obìnrin, Ó ń fún àwọn kan ní ọkùnrin, Ó ń fún àwọn kan ní méjèèjì, Ó sì ń ṣe ẹni tí Ó bá fẹ́ ní ẹni tí kò rí ọmọ bí. Ẹ ṣàkíyèsí pé àyà náà kò dárúkọ obìnrin nìkan. Àmọ́ láàrin wa, bí ìgbéyàwó bá pé ọdún méjì láìsí oyún, ojú ìyàwó ni gbogbo ilé ń wò. Wọn á ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọn á ní kí ó lọ gba àdúrà. Ọkọ lè fẹ́ ìyàwó kejì pàápàá kí ó tó gbà kí wọ́n yẹ òun wò.

Kì í ṣe ìwà Ańábì Sakariyá nìyẹn. Nígbà tí ó ń tọrọ ọmọ nínú Súrà Mọriyámọ̀ (19), ara tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà: egungun rẹ̀ ti rọ, ewú sì ti gba orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tó sọ ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2023 pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, bí ẹnì kan ni ó ń bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé ní àkókò kan nínú ayé rẹ̀. Ìṣòro náà lè wá láti ara ọkọ, ó lè wá láti ara ìyàwó, ó sì lè wá láti ara àwọn méjèèjì. Ańábì (SAW) sì ti kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Wíwá ìwòsàn kò ba ìgbáralé Ọlọ́hun jẹ́.

Ìwòsàn yìí kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ láti Bàrígà lọ sí Ojúẹlẹ́gba, tí ó sì yà sí Ìdí-Àràbà, ti dé ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, tí a mọ̀ sí LUTH. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ́gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ́gbọ́n Oladapo Ashiru ti ṣe iṣẹ́ tí ó fi di pé ní 1989 wọ́n kéde ìbí ọmọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n pa ẹyin ìyá àti àtọ̀ baba rẹ̀ pọ̀ lóde ara kí wọ́n tó dá a padà sínú ìyá. Ọdún kọkànlá nìyẹn sí ìgbà tí wọ́n bí Louise Brown, ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n bí báyìí, ní Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní July 25, 1978.

2. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú àtọ̀ dì?

Nínú àtọ̀ ni àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín wà tí ń lúwẹ̀ẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn máa ń wọ inú ẹyin obìnrin láti di oyún. Irúgbìn ni a ó máa pè wọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá kàn gbé àtọ̀ sínú fíríìjì títí tí ó fi dì, omi inú irúgbìn á di yìnyín ṣóńṣó, á sì gún un bí àfọ́kù ìgò, irúgbìn náà á kú.

Ní 1949, Christopher Polge, Audrey Smith àti Alan Parkes, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n po gílísáríìnì mọ́ àtọ̀ àkùkọ, wọ́n sì rí i pé irúgbìn inú rẹ̀ dì, ó sì tún jí. Gílísáríìnì yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ń fi pa ara nígbà ọyẹ́. Ní 1953, Raymond Bunge àti Jerome Sherman ní Iowa ní Amẹ́ríkà kéde oyún àkọ́kọ́ tí àtọ̀ ènìyàn tí ó ti dì rí mú wá.

Lónìí, inú náítírójìn olómi ni wọ́n ń fi àtọ̀ náà pamọ́ sí. Òtútù rẹ̀ fi ìwọ̀n 196 lọ sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Inú àgbá kan tí ó nípọn bíi fúláàsì ni ó ń wà, kò sì fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ìyẹn ni yóò ba àtọ̀ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n náítírójìn náà máa ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa bu kún un ní àkókò rẹ̀. Bí olùtọ́jú bá sùn, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ á ṣègbé. Bí ìtọ́jú bá péye, wọ́n ti fi àtọ̀ tí ó wà nínú òtútù ju ogún ọdún lọ bímọ.

3. Nígbà tí àtọ̀ bá kéré púpọ̀

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà gbé jinlẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2021 fi mílíọ̀nù 39 irúgbìn nínú àtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣe ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ọkùnrin wò. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọn kò ní ju mélòó kan lọ. Àwọn mìíràn wà tí ẹyọ kan kò sí nínú àtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n tí dókítà lè fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ rí díẹ̀ nínú kóró ẹpọ̀n wọn.

Láyé àtijọ́, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò ní ìrètí nílé ìwòsàn. Ní 1992 ni nǹkan yí padà, nígbà tí Gianpiero Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kéde oyún tí wọ́n rí nípa fífi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti irúgbìn kan ṣoṣo sínú ẹyin kan. Láti ìgbà náà, irúgbìn kan ti tó fún ẹyin kan.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí pamọ́. Bí wọ́n bá ti fi abẹ ṣí ẹpọ̀n ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, kò dára kí wọ́n tún ṣí i ní gbogbo ìgbà tí ìtọ́jú bá fẹ́ wáyé, nítorí pé abẹ máa ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Bákan náà, ìyàwó máa ń gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹyin rẹ̀ tó gbó. Bí ọjọ́ tí wọn ó mú ẹyin bá pé, tí wọn kò rí irúgbìn kankan lára ọkọ, ìyà àti owó ìyàwó ti wọmi. Èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni yóò yọ wọ́n.

Ṣùgbọ́n mímú díẹ̀ dì ṣòro ju mímú púpọ̀ dì lọ. Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni ó ń jí nígbà tí yìnyín bá yọ́. Bí mílíọ̀nù mẹ́wàá bá dì, tí ìdajì kú, èyí tí ó ṣẹ́kù ṣì pọ̀. Bí mẹ́wàá péré bá dì ńkọ́? Yàtọ̀ sí ikú, wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá tí wọ́n fi wọ́n sí, kí a wá wọn tì bí ẹni ń wá ẹyọ iyanrìn kan nínú odò. Ní 1997, Jacques Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ bí wọ́n ṣe kó irúgbìn ẹyọ-ẹyọ sínú èèpo ẹyin tí wọ́n ti fa ohun inú rẹ̀ jáde, ìbáà jẹ́ ẹyin ènìyàn tàbí ti ẹranko kékeré, kí wọ́n lè rí wọn padà nígbà tí yìnyín bá yọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tún ń lo ẹ̀kán omi tín-tìn-tín, okùn róbótó kéékèèké àti pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó dá wa níjì nínú gbogbo èyí ni pé bí díẹ̀ ṣe tó láti fún ẹni tí ń wá ọmọ ní ayọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni díẹ̀ tó láti da ìran rú. Ní 1993, obìnrin kan ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì bí ìbejì lẹ́yìn ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Utrecht. Òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àtọ̀ ọkùnrin mìíràn ni ó dà pọ̀ mọ́ ti ọkọ nípasẹ̀ ohun èlò kan tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìṣekúṣe. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù sínú ohun èlò náà ti tó láti sọ ọmọ kan di ọmọ baba mìíràn. Àwọ̀ ni ó tú àṣírí náà. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni, tí gbogbo wa dúdú, ta ni ìbá mọ̀?

4. Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn láàrin àwa ọ̀dọ́?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìkan ni. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ, tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn líle tàbí tí wọ́n fẹ́ fi ìtànṣán jó ibi tí ó ń dùn ún, lè pàdánù irúgbìn rẹ̀ títí láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀, nítorí oògùn tí wọn ó kọ́kọ́ fún un. Ṣégede tí ó bá mú ọkùnrin tí ó ti bàlágà náà lè wọ ẹpọ̀n, kí ó sì bà á jẹ́.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọjọ́ tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ni ọjọ́ tí oògùn náà kò tíì wọ ara rẹ̀. Bí ojú bá tì í títí ìtọ́jú fi bẹ̀rẹ̀, ó lè pẹ́ jù.

5. Kí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sọ?

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ìran. Nínú Súrà Fúrùkọ́ọ̀nù (25), àyà 54, Ọlọ́hun ka ìbátan ẹ̀jẹ̀ àti ìbátan àna mọ́ oore Rẹ̀ lórí ènìyàn. Nínú Súrà Asáàbù (33), àyà 5, Ó pàṣẹ kí a máa fi orúkọ baba tí ó bí ọmọ pè é. Ańábì (SAW) sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ pé kò gbọdọ̀ fi omi tirẹ̀ bu rin oko ẹlòmíràn.

Ní March 1980, Ṣéù Jad al-Haq Ali Jad al-Haq ti ilẹ̀ Íjíbítì gbé fatwa jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní October 1986, Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Àgbáyé ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Amman ní ilẹ̀ Jọ́dánì, wọ́n sì yẹ ọ̀nà méje wò. Márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ nítorí pé ẹni kẹta wọ inú rẹ̀, yálà ó mú àtọ̀ wá, tàbí ẹyin, tàbí ilé ọmọ. Méjì péré ni wọ́n yọ̀ǹda nígbà tí ó bá di dandan: kí wọ́n fi àtọ̀ ọkọ sínú ìyàwó rẹ̀, tàbí kí wọ́n pa àtọ̀ ọkọ àti ẹyin ìyàwó pọ̀ lóde, kí wọ́n sì dá a padà sínú ìyàwó náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ilé olórogún, ẹ gbọ́ èyí. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì ti Mẹ́kà ti kọ́kọ́ gbà ní 1984 pé kí ìyàwó kejì gbé oyún fún ìyàwó àkọ́kọ́, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ kan náà ni wọ́n ní. Ní 1985, wọ́n fa ọwọ́ ìyọ̀ǹda náà sẹ́yìn, nítorí pé ó lè ru ẹni tí ó jẹ́ ìyá gan-an lójú.

Ní ti mímú àtọ̀ dì, èrò àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá nítorí ìbẹ̀rù ìdàpọ̀. Àwọn mìíràn yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọkọ tí àìsàn tàbí àìní irúgbìn bá, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kí ó jẹ́ fún ìyàwó tirẹ̀, kí ìpamọ́ dájú, kí wọ́n má sì lò ó lẹ́yìn tí yìgì bá ti tú. Èrò kejì yìí ni a rí pé ó bá ẹ̀rí mu jù. Bí ó bá jẹ́ àpọ́n ni àìsàn bá, àwọn kan gbà pé ó lè fi pamọ́ de ọjọ́ tí yóò so yìgì, nítorí pé ìpamọ́ yàtọ̀ sí ìlò. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ bá ààfáà onímọ̀ tí ó fọkàn tán kí ó tó ṣe é.

Ní ti bí a ó ṣe rí àtọ̀ náà, ọ̀nà tí ó mọ́ jù ni kí ó wá nípasẹ̀ ìyàwó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ka fífi ọwọ́ ara ẹni mú un jáde sí èèwọ̀, àmọ́ wọ́n ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Kò gbọdọ̀ wo àwòrán ìhòòhò nítorí èyí.

6. Bí yìgì bá tú ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Diane Blood kú ní 1995. Nígbà tí ọkọ náà dákú tí kò mọ ẹnìkan mọ́, wọ́n ti gba àtọ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì mú un dì. Òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí obìnrin náà lò ó, nítorí pé ọkọ kò fọwọ́ síwèé. Ní 1997, ilé ẹjọ́ gbà pé ó lè gbé e lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù. Ó sì fi bí ọmọ.

A mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é, àánú rẹ̀ sì ṣe wá. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọkọ kò kọ ni wọ́n jiyàn lé lórí nílé ẹjọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ bá tilẹ̀ kọ ìwé mẹ́wàá, ikú ti tú yìgì. Obìnrin náà ti di opó, ó sì lè fẹ́ ọkọ mìíràn nígbà tí iddah rẹ̀ bá pé. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ogún. Nínú ìmọ̀ ogún, oyún tí ó ti wà nínú ìyá ní ọjọ́ tí baba kú ni a ń fi ìpín dúró dè. Àtọ̀ tí ó wà nínú àgbá kì í ṣe oyún. Bí a bá gba irú èyí láyè, ogún tí a ti pín ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn yóò tún di ìjà láàrin ọmọ ìyá.

Àwọn kan lè bẹ̀rù pé bí wọ́n bá da àtọ̀ náà nù, wọ́n ti pa ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sàábé máa ń da àtọ̀ síta láyé Ańábì (SAW), gẹ́gẹ́ bí Jábírì ṣe sọ nínú hádíísì tí ó dájú. Dídà á nù lẹ́yìn ikú tàbí lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ tí iddah rẹ̀ ti parí ni ó dára jù.

7. Ẹ má ta ìran yín

Bàrígà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì ní Akókà, a sì mọ bí owó ṣe ń wọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé tó. Àwọn kan máa ń wá fi owó fa ọ̀dọ́kùnrin láti ta àtọ̀, wọ́n sì ń fi fa ọ̀dọ́bìnrin láti ta ẹyin. Wọn á ní oore ni, wọn á ní kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Àṣà yìí kì í ṣe tuntun: ní 1985 ni àwọn dókítà ti tẹ ìròyìn jáde nípa fífi àtọ̀ ọkùnrin mìíràn wá oyún fún àwọn obìnrin ní Èkó.

Ẹ̀yin ará wa, èèwọ̀ ni. Ọmọ yín yóò máa rìn ní ìgboro Ṣómólú, yóò máa jẹ́ orúkọ baba tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sì máa jogún ẹni tí kò bí i. Lọ́jọ́ kan, ó lè wá fẹ́ ọmọ tí ẹ bí sílé, láìsí ẹni tí yóò sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ni. Kò sí iye owó tí ó tó èyí.

8. Ohun tí tọkọtaya gbọ́dọ̀ béèrè

Kí tọkọtaya tó gbà kí wọ́n fi àtọ̀ pamọ́, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn náà, kí wọ́n sì béèrè pé:

(a) Orúkọ ta ni yóò wà lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ẹni mélòó ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ṣí i?

(b) Ǹjẹ́ wọn á lo ohun èlò tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?

(d) Kí ni wọ́n fi ń di irúgbìn tí ó bá kéré? Bí ó bá jẹ́ èèpo ẹyin, ti ta ni?

(e) Ta ni ń ṣọ́ àgbá náà, ìgbà wo ni wọ́n ń bu kún un?

(ẹ) Ǹjẹ́ ó wà lákọsílẹ̀ pé ìyàwó yìí nìkan ni wọ́n lè lò ó fún, àti pé wọn á dà á nù bí ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé?

Ilé ìwòsàn tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fi ìran yín sí ìkáwọ́ wọn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ẹgbẹ́

1. Kí ló dé tí àtọ̀ tí ó kéré fi nílò ìṣọ́ ju èyí tí ó pọ̀ lọ?

2. Ọ̀nà méjì wo ni ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní Amman yọ̀ǹda? Kí ni ó pa márùn-ún tí ó kù pọ̀?

3. Opó kan ní Bàrígà fẹ́ lo àtọ̀ ọkọ rẹ̀ tí ó wà nílé ìwòsàn. Báwo ni ẹ ó ṣe gbà á nímọ̀ràn pẹ̀lú àánú?

4. Kí ni a lè ṣe nínú ẹgbẹ́ wa kí àwọn ọkùnrin lè máa tètè lọ ṣe àyẹ̀wò?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tí ń wá ọmọ ní ọmọ rere, kí Ó fún àwọn tí kò fún ní sùúrù àti ẹ̀san rẹ̀, kí Ó sì dá ìran wa sí nínú ìmọ́tótó. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.